Ohun tí Ó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Ìwádìí Ọ̀ràn tí Ó Fara Sin ní Àríwá Èkìtì

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí àwọn ènìyàn àríwá Èkìtì, pàápàá ní agbègbè Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó, ń gbà wá òtítọ́ nígbà tí ẹnìkan bá kú ikú tí kò yé ni, tàbí tí ẹnìkan bá jáde nílé tí kò sì padà, tàbí tí ẹ̀sùn bá dojú ayé ẹnìkan rú tí a kò sì mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi ní tòótọ́. Àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí ìdájọ́ nílẹ̀ Yorùbá ti sọ̀rọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ nípa ìjìyà: bí a ṣe ń gba owó ìtanràn, bí a ṣe ń lé ọ̀daràn kúrò nílùú, bí a ṣe ń ṣètùtù sí ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bà jẹ́. Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dúró lé lórí ni ohun tí ó yẹ kí ó ṣíwájú ìjìyà, èyí tí í ṣe mímọ̀ dájú pé ẹni tí a mú ni ó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ tí ọba mẹ́ta wà nínú rẹ̀ lọ́nà nítòsí Òkè-Àkò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé. Wọ́n pa Onímojò ti Ìmojò, Ọba Ọlátúndé Ọlúṣọlá, àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn, Ọba Babátúndé Ògúnṣakin. Orí ni ó yọ Alára ti Ará. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn olùkọ́ wọn gbé nínú ọkọ̀ ní Ẹmùrẹ́-Èkìtì. Irú ìròyìn báyìí kì í dá rìn. Orúkọ afurasí ni ó máa ń tẹ̀ lé e kíá, kí ẹ̀rí kankan tó dé rárá, bí ó bá tilẹ̀ máa dé. Àlàfo tí ó wà láàrin orúkọ tí ẹnu ń dá àti ẹ̀rí tí ojú lè rí ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe iṣẹ́ náà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè wa ní fún iṣẹ́ yìí. A ń wádìí, èyí ni pé a ń wá ìdí. A ń tọpa, èyí ni pé a ń tọ ipa ẹsẹ̀. A ń tọpinpin, èyí ni pé a kò dúró títí a ó fi dé òpin ohun tí a ń tọ̀. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, nítorí pé jẹ́jẹ́ ni ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fiyè sí i yóò rí i pé ìsàlẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń wò: ìdí, ipa, ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni wọ́n. Ọdẹ kì í béèrè lọ́wọ́ ènìyàn pé níbo ni ẹran gbà. Ó ń wo koríko tí ó wó àti erùpẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń wò ó bí ó bá ti gbẹ tàbí tí ó ṣì tutù.

Ní ọwọ́ kejì, a ní àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò wo ilẹ̀ rárá. Wọ́n ní. A gbọ́. Ẹnu ayé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìwọ̀nyí, Yorùbá kò sì fi wọ́n dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, nítorí ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ̀wẹ̀, ìfura wà láàrin méjèèjì. Àwọn àgbà sọ pé ìfura ni oògùn àgbà, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n oògùn tí a fi ń dáàbò bo ara ẹni ni wọ́n ń wí. Wọn kò sọ pé ìfura ni oògùn ìdájọ́.

Òwe kan wà tí a kò lè fò dá nínú irú àpilẹ̀kọ yìí: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Gbogbo wa ni a ń pa á, a sì ń pa á bí ẹni pé ó ti parí ọ̀rọ̀. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáradára, ohun méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn ni ó wà nínú rẹ̀, igbe àti ikú. Kò sí ẹni tí ó rí àjẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ. Kò sí ẹni tí ó béèrè bóyá ara ọmọ náà ti ń gbóná láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìbéèrè tí òwe náà fi parí, ta ni kò mọ̀, kì í ṣe ìbéèrè tí ó ń retí ìdáhùn. Ó ń pa ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè lẹ́nu mọ́ ni. Ní èrò tiwa, ó yẹ kí a máa fi òwe yìí kọ́ni gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ bí a kò ṣe gbọdọ̀ ronú. Obìnrin arúgbó mélòó ni irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ti lé kúrò ní ilé ọkọ tí ó ti bímọ sí! Òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, èyí tí ó ti wà láti ọdún 1916, ka fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀. Èyí kò wí pé kò sí àjẹ́ tàbí pé ó wà. Ohun tí ó wí ni pé ẹ̀sùn tí kò ní ohun tí a lè fi ojú rí kò yẹ ní ohun tí a fi ń ba ayé ẹlòmíràn jẹ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìrè

Ìrè-Èkìtì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́, ìlú Ògún sì ni. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé Ògún ti ojú ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì bá àwọn ará ìlú níbi ìpàdé kan tí a ń pè ní Àjọ Oríkì. Èèwọ̀ ni fún ẹnikẹ́ni láti kí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ògún kò mọ̀. Ó rí àwọn ènìyàn tí ó jókòó lọ bẹẹrẹ, kò sí ẹni tí ó kí i. Ó rí agbè ẹmu nílẹ̀, ó gbé e, ó ṣófo. Ó ka ìdákẹ́jẹ́ wọn sí àfojúdi, ó fa idà yọ, ó sì bẹ́ wọn lórí. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí ni ó tó mọ ìdí tí wọn kò fi kí i. Ìbànújẹ́ mú un, ó sì wọlẹ̀.

Ìtàn orísun ọdún Ògún ni a máa ń ka èyí sí, kò sì burú. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó ń wo ọ̀ràn ìwádìí, kò sí ìtàn tí ó tún kún ju èyí lọ. Ohun méjì ni Ògún fi ojú ara rẹ̀ rí: ẹnu tí kò sọ̀rọ̀ àti agbè tí ó ṣófo. Òótọ́ ni méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó purọ́ fún un. Àṣìṣe rẹ̀ kò sí nínú ohun tí ó rí bí kò ṣe nínú ìtumọ̀ tí ó fún un, ìtumọ̀ náà sì yá ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ. Àwọn tí wọ́n kú ní ìdí tí wọ́n fi dákẹ́, ìdí náà sì mọ́. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni pé òrìṣà yìí kan náà ni a ń fi búra pé a ó sọ òótọ́. Títí di òní, ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí a máa fi irin Ògún búra ní ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀. Ẹni tí ó ṣi ìdájọ́ ní Ìrè ni ó wá di alábòójútó ẹ̀rí. A kò mọ̀ bóyá àwọn tí ó gbé àṣà náà kalẹ̀ ro ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ wa láti rò pé wọ́n rò ó.

Ìbúra àti agbára rẹ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé bí ilé ẹjọ́ bá lè gbé Bíbélì àti Kùránì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí gbogbo ènìyàn máa fi irin búra, irọ́ yóò tán. Kí a tó gbà bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè bí ìbúra ṣe ń ṣiṣẹ́.

Bí nǹkan bá sọnù ní agbo ilé, baálé a pe gbogbo ènìyàn jọ, a kéde pé ní ọjọ́ báyìí ni a ó búra. Kì í ṣe ọjọ́ náà gan-an. A máa ń fi àyè sílẹ̀. Inú àyè yẹn ni ìbúra ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tí ó dára jù. Ẹni tí ó mú nǹkan náà yóò ronú lóru, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, a lè bá a ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tẹ́, ohun tí ó sọnù sì ti padà. Ọgbọ́n gidi ni èyí, ó sì yẹ kí a yìn ín.

Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá pé tí gbogbo ènìyàn sì ti búra, iṣẹ́ ìbúra gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ti parí nìyẹn. Ohun tí ó kù ni ìdúró. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣàìsàn nínú wọn, òun ni a ó nawọ́ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibà kì í béèrè ẹni tí ó jalè kí ó tó wọlé. Ẹni tí ó bá sì kọ̀ láti búra nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí nítorí pé èèwọ̀ ìdílé rẹ̀ ni, a ó ní ó ti jẹ́wọ́. Bákan náà, ẹni tí kò bẹ̀rù ohunkóhun láyé, ìbúra kò rí i mú. Èyí ni pé onítìjú àti olùbẹ̀rù Ọlọ́run ni ìbúra ń dè, ọ̀daràn paraku sì ń rìn kọjá láàrin rẹ̀. Ajínigbé tí ó fi ìbọn dá ọkọ̀ ọba lọ́nà kò ní wá sí ibi tí a ti ń fi irin búra.

Ìdánwò olóró burú ju ìbúra lọ, a kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. A ń fún afurasí ní èèpo igi olóró mu. Bí ó bá bì, ó mọ́, bí ó bá kú, ó jẹ̀bi. Òfin ìwà ọ̀daràn tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ka èyí léèwọ̀, ó sì dárúkọ òróró gbígbóná, iná, rírì sínú omi àti jíju ènìyàn sí ọ̀nì mọ́ ọn. Inú ènìyàn ni igi ń dán wò, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tí kóòtù ń gbà, àti ohun tí a fi ń pa á lára

Ọ̀nà tí ilé ẹjọ́ òde òní ń tọ̀ sún mọ́ ti ọdẹ ju bí a ti rò lọ. Ohun tí ó ń béèrè ni ohun tí a lè fi hàn. Ẹ jẹ́ kí a mú ọta ìbọn. Ìbọn tí a gbẹ́ ìlà sí nínú máa ń fi àmì ìlà náà sára ọta tí ó bá gbà á jáde, tí a bá sì fi awò wò ó, a lè sọ bóyá ìbọn kan pàtó ni ó ti jáde. Ipa ẹsẹ̀ náà ni, ara irin ni a kàn ti rí i.

Ìwúlò irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ máa ń hàn nígbà tí ẹnu kò bá kò. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ọyẹ́ ṣe ìwọ́de nítorí àìsí iná mànàmáná. Ìbọn dún, akẹ́kọ̀ọ́ méjì sì kú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ọlọ́pàá ni ó yìnbọn. Àwọn aláṣẹ ní àwọn jàǹdùkú ni ó kọ lu ọkọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kò sí iye ẹlẹ́rìí tí ó lè parí rẹ̀, nítorí ìhà tí oníkálukú dúró sí ni yóò sọ ohun tí ó rí. Ọta ìbọn kò ní ìhà, bí a bá tọ́jú rẹ̀.

Bí a bá tọ́jú rẹ̀: ibẹ̀ ni ìṣòro wà, ó sì kan àṣà wa gan-an. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sílẹ̀ lójú ọ̀nà oko, ohun tí ọkàn ènìyàn rere ń sọ fún un ni pé kí ó gbé òkú kúrò nínú oòrùn, kí ó fi aṣọ bò ó, kí a sì tètè ṣètùtù kí ilẹ̀ lè tutù. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n ogún ènìyàn ni yóò ti tẹ ibẹ̀ kí ẹni tí ó mọ ipa í wò tó dé. Omi ètùtù ń fọ ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fẹ́ kà. Kò sí ẹ̀rí pé ilẹ̀ yóò bínú bí ètùtù bá pẹ́ di ọjọ́ kejì, àwọn àwòrò tí ó mọ iṣẹ́ wọn kò sì ní kọ̀ láti dúró bí a bá ṣàlàyé fún wọn. Àwọn ọdẹ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Láti ọdún 2020 tí Àmọ̀tẹ́kùn ti bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, ọdẹ wà lára wọn, iṣẹ́ tí wọ́n sì mọ̀ tipẹ́ ni kíka ilẹ̀.

Ìjẹ́wọ́ ni àìsàn kejì. Àwọn òǹkàwé ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wa yóò rántí Lápàdé inú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní ọdún 1969. Ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ọgbọ́n orí àti agbára apá ni ó sì fi ń rìn. Akin Olúṣínà inú Owó Ẹ̀jẹ̀ tí Kọ́lá Akínlàdé kọ ní ọdún 1976 yàtọ̀ sí i: ìbéèrè ni ó ń bi ènìyàn, ó sì ń to ìdáhùn pọ̀ títí ọ̀kan yóò fi tako èkejì. A fẹ́ràn Lápàdé jù, a kò lè purọ́, nítorí èdè rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n Olúṣínà ni a fẹ́ kí ó wá sí ilé wa bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn èké kàn wá. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò gba ìjẹ́wọ́ tí a fi ìnilára gbà lẹ́nu ènìyàn wọlé. Kì í ṣe àánú nìkan ni ó fa èyí. Ẹni tí a bá nà tó yóò jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, ẹni tí ó ṣe é gan-an yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú igbó.

A lè rí irú àṣìpín bẹ́ẹ̀ nínú òfin pàápàá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, àwọn agbébọn kan tí àwọn ará ìlú pè ní darandaran wọ Òkè-Àkò yìí kan náà, wọ́n sì pa ènìyàn méjì. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún náà, Gómìnà Ayọ̀délé Fáyóṣe fọwọ́ sí òfin tí ó ka fífi ẹran jẹko kiri léèwọ̀ ní Èkìtì. Òfin náà ní ìwúlò tirẹ̀ fún àgbẹ̀ tí màálù ti jẹ oko rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí màálù yóò ti jẹun ni ó dáhùn. Ìbéèrè ta ni ó pa ẹni méjì náà dá dúró lọ́tọ̀, òfin kankan kò sì lè dáhùn rẹ̀. Ìwádìí nìkan ni ó lè ṣe é. Bí a bá fi ẹ̀sùn kan gbogbo ẹ̀yà kan, a ti dá àwọn aláìṣẹ̀ lẹ́bi, a sì ti fi ògìdìgbó ènìyàn bo ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó di ìbọn mú.

Ẹni tí ó nù

Ní sáà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jíjí ènìyàn gbé kò ṣàjèjì ní Èkìtì. Àṣà kan tilẹ̀ wà tí a ń pè ní ẹ̀mú tàbí àmúyá, nínú èyí tí olówó tí kò rí gbèsè rẹ̀ gbà yóò mú ará ìlú ajigbèsè náà mọ́lẹ̀ títí a ó fi san án. Ìwà ìkà ni. Síbẹ̀, kò fara sin: a mọ ẹni tí ó mú un, a mọ iye owó, a sì mọ ibi tí ó wà. Ajínigbé òde òní mọ iye owó nìkan ní sísọ. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2021, wọ́n yìnbọn fún Eléwù ti Ewù. Ó bọ́ pẹ̀lú ọgbẹ́. Nínú oṣù kan náà, wọ́n wọ ààfin Ilémẹ̀ṣọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́ lóru, wọ́n sì gbé Ọbádù lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ó padà. Agbègbè yìí bá ìpínlẹ̀ Kogí àti Kwárà pààlà, igbó sì ni ó pọ̀ láàrin wọn. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kan a dúró níbi tí igbó kò dúró.

Ìdílé tí ó bá san owó kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó padà náà kì í fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé àwọn mọ ilé rẹ̀. Báyìí ni ẹlẹ́rìí tí ó gbọ́ ohùn wọn, tí ó rí bàtà wọn, tí ó mọ iye odò tí wọ́n là kọjá, ṣe ń jókòó nílé pẹ̀lú gbogbo ohun tí ìwádìí nílò lẹ́nu rẹ̀. Dípò kí a ràn án lọ́wọ́ láti sọ ọ́ níbi tí ààbò wà, ìbéèrè tí àwọn ará ilé ń bi ara wọn ni: ta ni ó júwe rẹ̀? Ìfura a sì yí padà sí awakọ̀, tàbí àbúrò tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tàbí ìyàwó kékeré. A kò sọ pé kì í ṣẹlẹ̀ pé ará ilé júwe ènìyàn. Ohun tí a ń sọ ni pé ìdílé tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí wo ara rẹ̀ báyìí láìsí ẹ̀rí, àwọn ajínigbé ti gbà ju owó lọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn kò sì padà. Yorùbá ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tí kò bá tíì ṣẹlẹ̀ sí lè rò pé àsọdùn ni. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé bí ọdún méje bá kọjá tí àwọn tí ó yẹ kí ó gbúròó ẹnìkan kò gbúròó rẹ̀, a lè kà á sí òkú. Ohun tí òfin ń wá ni bí opó yóò ṣe lè fẹ́ ọkọ mìíràn àti bí a ó ṣe pín ogún. Kò sí nínú rẹ̀ pé báwo ni a ó ṣe sin ín. Nígbà àtijọ́, bí ọmọ Èkìtì bá kú sí ọ̀nà jíjìn, a máa ń gbìyànjú kí irun orí àti èékánná rẹ̀ dé ilé, a ó sì sin wọ́n bí ẹni pé òun ni. Ẹni tí ó nù kò fi irun tàbí èékánná ránṣẹ́. Aṣọ tí ó bọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó lọ ni ó wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́.